Ẹ Má Fún Un ní Nǹkan Kan

Bàbá mi kì í gbé nǹkan ẹlẹ́gbin dé iwájú ẹni ẹlẹ́ni. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ara ajá wọn gbóná, tí mo ní ká gbé e lọ bá dókítà ẹran ní Ọ̀yọ́, ọṣẹ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Fìdítì, wọ́n ṣa gbogbo eégbọn etí rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná sí i. Wọ́n wá ń tú kápúsù oníyẹ́lò sínú ẹ̀kọ fún un, láàárọ̀ lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú dókítà.

Mo ní ó ku kí wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù fún un. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, èmi nìkan ló ń ṣẹ̀fẹ̀ nílé, èmi náà ò sì gbọ́ adùn rẹ̀ mọ́. Ajá yẹn nìkan ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ajá. Ó wò ó, kò rí nǹkan kan. Bàbá ká ìwé èsì sí mẹ́rin, wọ́n fi sápò. Ẹni tó bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èsì ajá ni wọ́n ń fún un: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí a ti Ọ̀yọ́ dé, ajá ò lè dìde.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo pe dókítà, ó ní òun ò sí nílùú, ó di Mọ́ńdè. Ó bi mí bóyá a fún ajá ní nǹkan kan kí a tó wá lọ́jọ́sí. Mo ròyìn kápúsù. Ó wá ṣàlàyé pé oògùn yẹn ló jẹ́ kí kòkòrò tí eégbọn gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ sá pamọ́, kò pa á. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló sì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Òun ò lè máa gún ajá láìmọ èyí tó jẹ́. Etí ni òun yóò ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí n bá òun sọ fún Bàbá: "Ẹ má fún un ní nǹkan kan."

Mo kó kápúsù sápò mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá nawọ́ sí mi.

"Kó kápúsù yẹn wá."

"Dókítà ní ká má ṣe é, Bàbá."

"Bí dókítà ìyá yín náà ṣe sọ nìyẹn. Ó ní ká dúró de èsì."

Mo di kápúsù mú nínú àpò mi. Mi ò sì fún wọn. Wọ́n jókòó ti ajá títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, bí ọmọ kíláàsì tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a fi ìró ìyá mi wé ajá, a wọkọ̀. Ìyá kan tó wọlé ní Ìlọrà kí wa kú ewu ọmọ kó tó rí ìrù. Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín, àfi àwa méjèèjì.

Dókítà gún etí ajá, ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó pẹ́. Ó ní kòkòrò náà wà níbẹ̀. Ó pe Bàbá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n di ojú kan, wọ́n wò ó títí.

"Ẹ rí i, Bàbá?"

"Mo rí i."

Ó gún ajá lábẹ́rẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Bí yóò bá yè, a ó mọ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú awò yẹn. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Dókítà, ọmọ ọlọ́mọ, ti ṣe wàhálà ni. Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, wọ́n gbé e lé ikùn ajá.

"Ó ti ń tutù."

Mo fọwọ́ kàn án. Bó ṣe gbóná láàárọ̀ náà ló ṣì gbóná.

"Ó ti ń tutù, Bàbá."