Orville Stang àti Afárá Odò Marsh

Ọjọ́ tí Orville Stang lé sẹnétọ̀ méjì àti aṣòfin mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì sínú òjò ni gbogbo èèyàn fi ń rántí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ n kúkú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Oṣù kọkànlá ni, òjò tó fẹ́ di yìnyín ló ń rọ̀. Àwọn aṣòfin wá láti olú-ìlú ìpínlẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ Birch Fork ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá wọlé lóṣù kìíní. Àwọn kánsẹ́lọ̀ yòókù ti ṣètò ọkọ̀ tó gbóná dáadáa dè wọ́n. Orville, tí kánsẹ́lọ̀ ni òun náà, ní rárá o, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni wọ́n máa wọ̀. Verna, ìyàwó rẹ̀, ló sì ń wa bọ́ọ̀sì náà.

Wọ́n dé etí afárá odò Marsh, Verna tẹ bíréèkì, ó ṣílẹ̀kùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀,” ni Orville wí.

“Ṣé bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ ni?” Sẹnétọ̀ Haugen ló béèrè. Bàtà aláwọ tó ń dán gbinrin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Kò sóhun tó ṣe bọ́ọ̀sì. Afárá ló bàjẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí bọ́ọ̀sì tó kún má gbabẹ̀ kọjá mọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibí làwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn kọjá, bọ́ọ̀sì á wá tẹ̀lé wọn lófìfo.”

“Ó dáa, ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo òjò. Ẹ jẹ́ kí èmi jókòó síbí.”

Verna yíjú padà. “Ọ̀gá, mo rí iye ẹran tẹ́ ẹ jẹ lọ́sàn-án. Tẹ́ ò bá sọ̀kalẹ̀, èmi ò wà á.”

Sẹnétọ̀ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú òjò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, Orville níwájú. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, wọ́n dúró wo Verna bó ṣe ń wa bọ́ọ̀sì bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí pákó ń dún gbàkà-gbàkà lábẹ́ táyà. Orville ṣí fìlà, kò sì gbójú kúrò lára bọ́ọ̀sì títí táyà ẹ̀yìn fi kúrò lórí afárá.

“Ta ló ń wà á kọjá báyìí lójoojúmọ́?” Haugen béèrè.

“Ìyàwó mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ni.”

Ẹ̀yin á ti máa rò pé owó afárá jáde lọ́dún yẹn. Ó tì o! Fọ́tò ló jáde nínú ìwé ìròyìn, tòun ti bàtà sẹnétọ̀ tó ti di ẹrẹ̀.

Ohun tó ń ba Orville lẹ́rù ò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn ní tiwọn, wọn ò wúwo. Verna nìkan ló ń dá wà nínú irin tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lórí pákó tó ti jẹrà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Torí ìyẹn ló ṣe jáde fún kánsẹ́lọ̀, torí ìyẹn ló ṣe jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Láràárọ̀ ló máa ń lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn àwọn igi páìnì tó wà lókè odò, á máa yọjú wò ó. Tí a bá bi í, á ní ẹyẹ lòun ń wò. Ẹyẹ wo, ẹ jọ̀ọ́, nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí!

Lọ́dọọdún, kí oṣù kẹwàá tó parí, àwọn kánsẹ́lọ̀ márààrún máa ń jókòó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ojú ewé kan ni, ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá ló ń wà níbẹ̀, èyí tó jẹ wọ́n lógún jù á wà lókè. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn aṣòfin kì í kà kọjá ìkẹta. Marlys Quade ni alága. Ọkọ̀ ámbúláńsì ló jẹ ẹ́ lógún ní tiẹ̀, torí ẹyọ kan ṣoṣo làwọn tó dìbò fún un ní. Wọ́n á gbé kọfí àti dónọ́ọ̀tì kalẹ̀, òun àti Orville á sì bẹ̀rẹ̀.

“Orville, mo fi afárá yín sí ìkẹsàn-án.”

“Ìkíní.”

“Ó dáa, ìkeje.”

“Ìkíní.”

“Ẹ gbà mí o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń nájà nìyí? Èmi ti sún, ẹ̀yin náà ẹ sún díẹ̀.”

“Marlys, tí n bá sún kúrò lórí afárá yẹn, inú odò ni mo máa bọ́ sí.”

Wọ́n á dìbò, àwọn mẹ́rin á gbà, Orville á ní òun ò gbà. Ìkẹfà ni afárá sábà máa ń já sí. Á bínú títí, á sì jẹ ìyókù dónọ́ọ̀tì tán kó tó máa lọ sílé.

Lọ́dún kan, ó gbé pákó jíjẹrà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà yọ lára afárá, ó gbé e lọ sí olú-ìlú káwọn aṣòfin lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ ò lè gbé igi wọlé. Ó lè ṣe èèyàn léṣe.”

“Ọ̀rẹ́ mi, tó bá lágbára àtiṣe èèyàn léṣe, kí ni mo wá wá síbí?”

Ẹ̀ṣọ́ náà fọwọ́ kàn án wò, ẹ̀gbẹ́ kan sì wó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì ìjọba. Wọ́n jẹ́ kó wọlé, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ìgbálẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Orville ò jẹ́ fi ìkankan nínú rẹ̀ ṣòfò. Nílé ló ti máa ń fi aago wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí kan ibi tó ti máa mí. Àmọ́ lọ́dún kẹtàdínlógún, àìsàn ọkàn dá a gúnlẹ̀, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò nígbà òtútù.

Nígbà tí wọ́n jókòó lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, Marlys kọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó fi afárá sí ìkíní.

“Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?” Orville béèrè.

“Mi ò gba nǹkan kan. Ẹ dìbò yín jàre.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Gbà, gbà, gbà, gbà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Orville, ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn, ó ní, “Mi ò gbà!” Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Orville fò dìde, ó ń pariwo pé kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní òfin ò fàyè gba kí wọ́n pa ìbò rẹ́. Bí ìwé ṣe lọ sí olú-ìlú nìyẹn, tó ń sọ pé kánsẹ́lọ̀ kan lòdì sí afárá odò Marsh.

Verna ló lọ sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Haugen, tó ti di alága ìgbìmọ̀ nígbà yẹn, gbé dígí sójú.

“Ìyá, ìwé yín ní ẹnì kan ò fẹ́ afárá yìí. Ta ni?”

“Ọkọ mi ni.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Verna ò rẹ́rìn-ín.

“Ó ti ń sọ pé òun ò gbà fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀rọ̀ míì mọ́. Láràárọ̀ ló ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi kó lè wò mí kọjá. Ó rò pé mi ò rí òun, ọkọ̀ pupa fòò bẹ́ẹ̀ yẹn! Àìsàn ń ṣe é báyìí, ó ṣì ń wá. Mi ò fẹ́ kó dúró nínú òtútù yẹn mọ́. Ẹ bá wa ṣe afárá náà.”

Ó jókòó. Nílé, Orville àti Marlys ń gbọ́ ọ lórí rédíò, omijé ń dà lójú Orville.

“Ìlàjì ìṣẹ́jú!” ló ń pariwo. “Ó fi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́!”

“Ẹ nujú yín,” ni Marlys wí.

Owó jáde lóṣù karùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe afárá tán, wọ́n ní kí Orville wá gé rìbọ́nù, ó ní òun ò ráyè. Ó lọ jókòó sẹ́yìn Verna nínú bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ fún ọmọ ilé ìwé. Wọ́n dé àárín afárá, ó ní kó dúró díẹ̀. Ó wo omi nísàlẹ̀, ó wo àwọn ọmọ, ó wo Verna.

“Ó ti tó,” ló wí. “Máa lọ.”

A ò rí i kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ló sùn tí kò jí mọ́, Verna sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn kánsẹ́lọ̀ tún jókòó lóṣù kẹwàá, ámbúláńsì ni wọ́n fi ṣe ìkíní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi orúkọ Orville Stang sọ afárá odò Marsh, torí òfin ìpínlẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ìdílé olóògbé gbọ́dọ̀ kọ: iṣẹ́ wo ni olóògbé ṣe fún ìpínlẹ̀ yìí? Ìlà mẹ́wàá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Verna gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó mú un wá fún Marlys. Ìlà kan péré ló kọ:

“Ẹ̀rù ń bà á nítorí ìyàwó rẹ̀, kò sì dákẹ́.”

Marlys mú bírò kó lè tún un kọ sí èdè ìjọba. Ó kà á, ó tún un kà. Ó dé bírò rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ bí Verna ṣe kọ ọ́.