Ìdánwò Tí Ìyàwó Mi Múra Sílẹ̀ Fún

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé wa, ẹ bá mi dì í mú, torí mi ò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó.

Ìyàwó mi ló ń tọ́jú lábù iléèwé girama tó wà ní ìparí títì wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Ó ń fọ ìgò, ó ń nu tábìlì, ó ń to nǹkan sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí tíṣà bá ń kọ́ àwọn ọmọ, á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, á máa gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ka girama dé ìdajì ni, kí ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí títọ́ àwọn àbúrò sì di tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dúró ní ìdajì o, etí rẹ̀ kò dúró.

Àǹtí Dán-an-wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, kò ní dá yín lóhùn bí ènìyàn. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ló burú jù nínú àwọn tó ń bi í ní nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ó fá orí oníbàárà kan dé ìlàjì, ó bá dúró, ó pariwo sọdá títì: "Àǹtí, kí ló dé tí dígí fi ń sọ ọ̀tún di òsì, tí kì í sọ orí di ẹsẹ̀?"

Ìyàwó mi fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó sọdá. Ó ní kó nàka sí ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni inú dígí náà nàka sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó nàka sókè. Ẹni inú dígí nàka sókè. Ó wá ní kó nàka sí dígí fúnra rẹ̀, ni ẹni inú dígí bá nàka sí i padà.

"Ẹ rí i? Dígí ò fọwọ́ kan ọ̀tún yín. Iwájú yín ló sọ di ẹ̀yìn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni onígbàjámọ̀ fi ronú lé e. Ẹni tó wà lórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ náà lo oṣù kan lábẹ́ fìlà. Ọbẹ̀ wa jóná.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ẹnì kan bi í pé ṣé lóòótọ́ ni aṣọ dúdú ń gba oòrùn ju funfun lọ. Kí n tó jáde síta, ó ti wọ kóòtù dúdú oníbàárà mi fún ìgò omi kan, ó wọ búláòsì funfun oníbàárà mìíràn fún èkejì, ó jókòó sáàárín wọn nínú oòrùn pẹ̀lú tẹmómítà lọ́wọ́, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹni tó ni kóòtù ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ìgò náà, ó wò mí, ó ní ṣé ìgò yẹn ni mo fi ń wọn àyà òun.

Ọ̀rọ̀ ti màmá mi tilẹ̀ tún wà. Màmá wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń gbàdúrà ní pálọ̀, màmá gbóhùn sókè, ó ní, "Olúwa, má ṣe jẹ́ ká rí ìdánwò nínú ilé yìí." Ìyàwó mi wà ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú àdúrà náà, ló bá dáhùn pé, "Mo ti gbé e kaná, mà. Ó ti ń hó." Oṣù yẹn ò pé tí màmá fi padà sílé rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lẹ́nu wa nìyẹn. Ìdánwò ni ti ọmọ iléèwé tó ń jẹ ìdí bírò. Ìdánwò ni ti ẹni tí ayé ń fojú rẹ̀ rí nǹkan. Ti ìyàwó mi, pẹ̀lú ìgò àti iná rẹ̀, ìdánwò náà ni. Àwa ò sì mọ̀ ju ká sọ ọ́ ká máa lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èwo ni. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa.

Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló gbé òfin tuntun jáde. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní lábù mọ́, àfi tó bá ṣe ìdánwò tó sì yege. Ẹni tí kò bá yege, ọgbà iléèwé ni wọ́n máa gbé e lọ, yóò máa gbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbọ́, kò jẹun. Mo ní kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ ìgbálẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá kúrò ní lábù yẹn, baálé mi, mi ò ní rí ibì kankan wọ̀ mọ́ láyé tí mo ti lè bi nǹkan léèrè kí nǹkan sì dá mi lóhùn."

Mo bu omi fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé wọn, ya ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń fi píìnì gún ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan lọ́wọ́, píìnì bíi mẹ́fà wà lẹ́nu mi. Ó ní, "Télọ̀, ọ̀gá àgbà ní kí n sọ fún ìyàwó ẹ pé ìdánwò ẹ̀ di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, nínú lábù. Kó múra dáadáa. Kó mú bírò méjì dání." Èmi fi imú dáhùn. Ẹni tí píìnì wà lẹ́nu rẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo jíṣẹ́ náà fún un: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, nínú lábù, kó múra. Bírò wọ ibi kan lọ láàárín píìnì àti ṣòkòtò.

Inú lábù tó gbọ́ yẹn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó yé e ni pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wo bó ṣe ń ṣe ìdánwò, irú tirẹ̀. Kò sì mọ èyí tí wọ́n máa ní kó ṣe, ló bá múra gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé nǹkan kúrò nílé wa: abẹ́là, rọ́bà, íńkì, mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣa píìnì nílẹ̀, iyọ̀ odidi ike kan. Ó di yìnyín kún fíríìjì lábù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ pẹ̀lú ayọ̀. Èmi náà jókòó ti máṣíìnì mi, mo ń súfèé.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni Bàbá Géètì pè mí lórí fóònù. "Télọ̀, ìyàwó ẹ ò mú bírò. Mo bi í, ó ní kí lòun fẹ́ fi bírò ṣe. Ṣé ẹ ò jíṣẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo já bírò méjì gbà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo sáré. Téèpù wà lọ́rùn mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ń ṣí. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta kò yẹ ní ẹni tó ń sáré láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló jẹ gbèsè, ẹsẹ̀ ló ń san án.

Mo dé ojú fèrèsé lábù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, dúró nínú lábù pẹ̀lú àpò ìwé. Ṣòkòtò rẹ̀ fi ínǹṣì kan kúrú. Ó ń wo tábìlì tí ìyàwó mi tẹ́ láti òpin kan dé èkejì.

"Kí ni gbogbo èyí, mà?"

"Ìdánwò ni, sà. Ẹ ní kí n múra."

"Ìdánwò orí ìwé ni, mà. Ogún ìbéèrè, wákàtí méjì. Márùn-ún ni máàkì ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba àádọ́ta ló yege."

Mo rí ojú ìyàwó mi. Mo nawọ́ bírò wọlé láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń fi nǹkan ṣètùtù. Ó gbà á, kò wò mí.

Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá lórí ìwé kíkọ. Ó ka ìbéèrè kìíní, ó kọ ọ́. Ó ka ìkejì, ó dúró. Ó wá gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òfin ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tábìlì mi?"

Ọ̀gá náà mú ìwé òfin jáde, ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn. Wọn ò gbọdọ̀ wo ìwé. Wọn ò gbọdọ̀ lo fóònù. Wọn ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. "Wọn ò dárúkọ tábìlì," ó ní, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i.

Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èyí tó bá mọ̀, á kọ ọ́. Èyí tí kò bá dá a lójú, á dìde, á dán an wò, á padà wá kọ ohun tó rí. Omi ń ta sórí ìwé. Àkókò ń lọ. Lójú fèrèsé, èmi ń làágùn.

Ìbéèrè keje ló dá gbogbo nǹkan rú. Yìnyín kan náà la jù sínú omi lásán àti omi iyọ̀ tó gbóná bákan náà; nínú èwo ni yìnyín ti máa kọ́kọ́ yọ́? Ó ti gbé bírò lé ìwé. Mo rí i tó kọ lẹ́tà kan. Ó bá fi bírò sílẹ̀, ó dìde, ó bu omi sí ife méjì, ó da iyọ̀ sí ọ̀kan, ó ju yìnyín sí i. Ó jókòó tì í.

Ẹni tó bá ti jókòó ti yìnyín rí mọ̀ pé kì í kánjú. Aago orí ògiri ń rìn. Ọ̀gá náà súnmọ́ ọn, ìwé ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti omi lásán ló kọ́kọ́ yọ́ tán. Ti omi iyọ̀ ṣì léfòó gbọnyin.

Ọ̀gá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ife. "Bóyá ẹ ṣi ife mú, mà." Ó ti ìka bọ ife kan, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"A kì í tọ́ nǹkan wò ní lábù, sà," ni ìyàwó mi wí.

"Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ju yìnyín sí i. Ìyàwó mi kán íńkì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú omi lásán, omi tútù tó ń yọ́ lára yìnyín rọ́ lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú íńkì, omi tó móoru sì ń gun òkè wá rọ́pò rẹ̀. Nínú omi iyọ̀, íńkì dúró lókè. Iyọ̀ ti mú omi ìsàlẹ̀ wúwo, omi tútù ò ríbi rì sí, ó kàn fi ara ká yìnyín bí ẹni pé ó da aṣọ bò ó. Orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lókè ife. Ọ̀gá ń wo ìwé, ó ń wo ife, ó ń wo ìwé. Ẹni tí kò bá lè ka ojú yẹn kò lè ka nǹkan kan: iyọ̀ ló wà nínú ìwé ìdáhùn.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ki orí bọ fèrèsé, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Kọ iyọ̀."

Ọ̀gá náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyàwó mi gbọ́.

"Kọ iyọ̀, jọ̀ọ́. Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ máa gbá?"

Ó wò mí. Ó wo àwọn ife náà. Ó ní, "Baálé mi, ẹ lọ rán aṣọ." Ó wá jókòó, ó kọ omi lásán, ó sì kọ ìdí rẹ̀ kún ojú ewé méjì. Nígbà tí aago lù, ìbéèrè mọ́kànlá ló ti dáhùn nínú ogún.

Nígbà tá a padà sílé, mo lọ jókòó ti máṣíìnì mi dé alẹ́. Mo bínú. Mo rò ó pé ìgbéraga ni, pé ó ti fi yìnyín ta iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún nù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Ó ní kí n kà á fún un. Àádọ́ta géérégé. Ó yege. Nísàlẹ̀, ọ̀gá yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ àwọn fún ìbéèrè keje kò tọ̀nà, pé òun ti ṣe é níwájú àwọn ọ̀gá òun, wọ́n sì ti tún un ṣe fún gbogbo ẹni tó jókòó ìdánwò náà.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò náà. Ká ní ó kọ iyọ̀ ni, márùndínláàádọ́ta ni ì bá gbà. Èmi tí mo sáré gbé bírò lọ fún un, èmi náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bírò ọ̀hún lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ojú tì mí, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ kọ ọ́ o," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé bírò láti kọ ọ́."

"Kí ló wá dá ẹ dúró?"

"Yìnyín inú ife oníyọ̀ ò tíì yọ́ tán. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó léfòó, ó ń wò mí. Ojú ẹ̀ náà ni kí n ti wá purọ́?"