Ẹni Tí Yóò Máa Wo Àká

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Melchora ará Qaqapunku, abúlé kan lórí òkè, ẹ sọ fún un pé òjò ò ní rọ̀ nígbà tó ní yóò rọ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ìdì ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Àká máa ń wọ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Tí ọdún Jòhánù Mímọ́ bá ń sún mọ́lé ní oṣù kẹfà, á tún yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá ń dán gbinrin, òjò á yá, kí wọ́n tètè gbin ọ̀dùnkún. Bó bá rí bàìbàì, kí wọ́n ṣì dúró. Melchora ló ń wò ó fún abúlé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn.

Lọ́dún yìí, òun àti Saturnina, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jọ gun òkè. Ó wo Àká, ó rí i bí ẹni pé èéfín bò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí gbogbo abúlé dúró.

"Màmá, ẹ dákun," Saturnina wí nígbà tí wọ́n délé, "Àká ń dán. Ojú yín ni."

"Ojú ta ni?"

"Ẹ kí òpó kú àárọ̀ lánàá, Màmá."

Inú bí ìyá àgbà, kò fẹnu kan ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tún gun òkè lọ wo ìràwọ̀ funfun ńlá tó wà ní gúúsù, èyí tí kì í ṣe bàìbàì lọ́dún kankan. Èéfín bo ìyẹn náà. Ó jókòó sórí òkúta, ó sunkún díẹ̀, ó nu imú rẹ̀, ó sì kọrí sí ìpàdé abúlé.

"Mo ṣì í," ó wí. "Ojú mi ti ń lọ. Saturnina ló rí i dáadáa. Ẹ tètè gbìn."

Wenceslao, olórí abúlé, rẹ́rìn-ín. "Obìnrin tá a fẹ́ wá láti àfonífojì kejì? Kí ló mọ̀ nípa ojú ọ̀run wa?"

"Wenceslao, ta ló ta ojú ọ̀run fún ọ?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Wenceslao ò yí padà. "Ẹyin lọ̀rọ̀, Màmá; bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ ti ní ká dúró. A óò dúró."

Nígbà tí oṣù ìgbìn àkọ́kọ́ dé, gbogbo oko pa rọ́rọ́. Ní Qaqapunku, ọkùnrin ló ń fẹsẹ̀ tẹ igi ìtúlẹ̀, obìnrin á máa ju irúgbìn sí i. Ọmọ Melchora sì wà nídìí iṣẹ́ kùsà lọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà gbé igi náà lọ sí oko wọn fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e níṣojú gbogbo abúlé.

"Obìnrin kì í tẹ ìyẹn!" Wenceslao pariwo láti etí oko.

"Ojú mi ló ń lọ, ẹsẹ̀ mi ṣì wà ńbí!"

"Bí òjò ò bá yá ńkọ́? Gbogbo irúgbìn ilé yín nìyẹn!"

"Á jẹ́ pé ebi á pa mí. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

Ilẹ̀ là. Saturnina bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irúgbìn.

"Màmá, bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í ńkọ́?"

"Wàá bọ́ síwájú wọn, wàá ní o ṣì í, bí èmi náà ṣe ṣe. Jù ú síbẹ̀."

Saturnina ju irúgbìn náà síbẹ̀, Melchora sì tún gbẹ́sẹ̀ lé igi.