Àwẹ̀ró àti Tráfíkétọ̀ Tó Ń Dákú

Ẹni tó bá ní obìnrin ò lè tún iná mọ́tò ṣe, kó lọ bá Àwẹ̀ró ní Ajangbadi, kó sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ á wọhò! Ríwáyà ni Àwẹ̀ró, iná mọ́tò ló ń tún ṣe, ìbéèrè ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní fọwọ́ kan mọ́tò rẹ láìbi ọ́ pé níbo lo gbé e lọ, kí lo kó sínú ẹ̀. Àwọn kan ní ó ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ojú ti Àwẹ̀ró. Bàbá Wàsíù, tó ń kó àwọn ọmọ Ìbà Estate lọ sílé ìwé, tún gbé mọ́tò ẹ̀ dé. Tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn, iná tó ń sọ ibi tí mọ́tò fẹ́ yà sí, ò tàn. Lákọ̀ọ́kọ́, Àwẹ̀ró ti pààrọ̀ gílóòbù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pààrọ̀ fíláṣà tó ń mú iná ṣẹ́jú, iná ń ṣẹ́jú wàì-wàì, ó ní ó parí. Ó parí níbo? Láàárọ̀ yẹn, Bàbá Wàsíù fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà lẹ́yìn ò ríná, díẹ̀ ló kù kó kọ lu àwọn ọmọ. Ìyá Dámilárá, tí ọmọ ẹ̀ méjì wà nínú mọ́tò náà, tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú ìbínú.

“Bí kò bá tàn lónìí, gbogbo àwa ìyá ti fẹnu kò, a ó gba ọmọ wa.”

Iṣẹ́ yẹn sì ni Bàbá Wàsíù fi ń bọ́ ilé. Ó kàn ń nu òógùn.

“Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mo kánjú,” ni Àwẹ̀ró wí. Ó yíjú sí bàbá. “Mọ́ńdè ni iná yìí máa ń kú. Kí lẹ ń kó sí búùtù lópin ọ̀sẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan o.” Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì ìṣáájú.

Àwẹ̀ró ṣí búùtù, òórùn Izal gbà á nímú. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì: omi, nínú ọ̀gbẹlẹ̀! Wáyà ẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ara mọ́tò kí iná lè tàn, ti dípẹtà. Bó bá gbẹ, iná á tàn. Bó bá tutù, iná á dákú. Ó tọwọ́ bọ kọ̀rọ̀, ó mú ìgbẹ́ àgbò kan jáde, róbótó.

“Bàbá Wàsíù, ẹ̀ ń kó àgbò láti ọjà Alaba Rago, àbí?”

Orí bàbá wálẹ̀. “Ọjọ́ Sátidé ni. Bó bá di Sọ́ńdè, mo máa ń da omi àti Izal sí i káwọn ìyá má baà gbóòórùn. Wọ́n á ní mò ń kó ọmọ àwọn pọ̀ mọ́ ẹran.”

“Háà!” Ìyá Dámilárá dìde, ó fẹ́ máa lọ.

Àwẹ̀ró ò dá a dúró. Ó fi sánpépà ha irin títí ó fi dán, ó gbé wáyà náà lọ sókè níbi tí omi ò lè dé. “Ìyá Dámilárá, òórùn àgbò ò pa ọmọ rí. Iná tí ò tàn ló ń pa wọ́n. Nítorí bàbá yìí ń bẹ̀rù yín, ó fi òórùn pa mọ́, ló bá pa iná.”

Ó gbé garawa omi kan, ó dà á yàà sínú búùtù. “Ẹ tan tráfíkétọ̀!”

Bàbá Wàsíù tàn án. Omi ń ṣàn, iná ń ṣẹ́jú, òsì, ọ̀tún. Kí ni kéèyàn pe irú obìnrin yìí!

Ìyá Dámilárá yí lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó wo iná náà. “Bàbá Wàsíù, láràárọ̀ ni n ó máa dúró sẹ́yìn mọ́tò yín, kẹ́ ẹ tan iná kí n rí i, kọ́mọ mi tó wọnú ẹ̀. Bí kò bá tàn, ẹ sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ kó, ká jọ wá bá Àwẹ̀ró. Àgbò Iléyá tiwa, ẹ̀yin lẹ ó bá wa gbé e.”