Aránṣọ Tí Ìyàwó Rẹ̀ Ń Retí

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni aránṣọ náà àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ ń gbé kí àìsàn tó kọlu ọpọlọ obìnrin náà. Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, ó rántí orúkọ àwọn ọmọ, ó mọ ibi tí iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ ọkọ mi o. Ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe òun."

Ọkọ rò pé àwàdà ni, torí ìyá àwọn ọmọ kì í pẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i tó ń fi àga ti ilẹ̀kùn yàrá ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Àga gígùn tó wà ní pálọ̀ di ibùsùn rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ya àwòrán inú orí ìyàwó. Ó ṣàlàyé pé ibi tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ kò bàjẹ́, ìfẹ́ náà ò sì kúrò. Ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ ló jọ pé ó já, àwọn olùwádìí kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe máa so ó padà. Ó ní ohùn lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ó wá béèrè lọ́wọ́ aránṣọ bóyá ó ti pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù rí láti ìgbà náà. Aránṣọ ní rárá. Ilé kan náà ṣáà ni wọ́n ń gbé.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè é láti ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "níbo lẹ wà látọjọ́ yìí?"

Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Kò rí irọ́ mìíràn pa.

"Ọkùnrin kan wà nílé wa. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń se oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bíi tẹni tó sunkún. Ẹ tètè máa bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń pè é lọ́sàn-án. Wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, obìnrin kan náà á kí i bí ẹni ń kí àlejò, á sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Aránṣọ jẹ́wọ́ fún dókítà pé òun ń jowú ara òun. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Oògùn dín ẹ̀rù ìyàwó kù, àmọ́ kò dá ọkọ rẹ̀ padà fún un. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó bu ìrẹsì sí àwo méjì.

"Ẹ jókòó ká jọ jẹun," ló wí. "Ọkọ mi ò ní bínú. Èèyàn dáadáa ni."

Aránṣọ dúpẹ́ bí àlejò ṣe ń dúpẹ́, ó jókòó, ó jẹun tán. Lẹ́yìn náà, ó fọ àwo méjèèjì.