Mi Ò Fi Ọ̀rá Ta Gaàrí Mọ́

Kékeré ni mí ní Ìnísà, iṣẹ́ mi kò ju kí n bá ìyá mi nu ewé ẹ̀kọ lọ, nígbà tí ọ̀rá kọ́kọ́ dé ọjà wa. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò lè mọ bí a ṣe yọ̀ tó. Ó ń dán, omi kì í jò nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní ọ̀làjú ti dé, kí ìyá mi da ewé nù. Ìyá mi ní, "Ohun tí ilẹ̀ ò lè jẹ, èmi ò ní fi pọ́n ohun tí ọmọ èèyàn máa jẹ." Wọ́n fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ìyá mi ò yẹsẹ̀.

Òkukù ni mo lọ́kọ sí, gaàrí ni mo sì ń tà níbẹ̀. Ọ̀rá ni mo fi ń dì í, bíi ti gbogbo ayé. Àfi lọ́dún tó kọjá tí ewúrẹ́ mi tó lóyún kọ oúnjẹ, tí inú rẹ̀ wú, tó sì kú. Nígbà tí a la inú rẹ̀, ọ̀rá la bá níbẹ̀, ó lọ́ mọ́ra bí okùn. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ìkìrun, gbọ́, ó sì gbé ọ̀rá mìíràn wá, èyí tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó." Mo rì í sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo hú ibẹ̀, àjákù díẹ̀ ló kù, ekòló ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Òun ni mo wá fi ń di gaàrí. Ó ní àléébù o, mi ò ní purọ́. Bí omi bá kàn án, á rọ̀, gaàrí á sì dà sílẹ̀. Obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀gẹ́! Ìyá, ẹ kúkú ní kí wọ́n jẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn."

Mo ní, "Bí ẹran rẹ bá jẹ ẹ́, kò ní pa á."

Àwọn oníbàárà kan fi mí sílẹ̀. Kí wọ́n máa lọ. Àwọn mìíràn ń gbé abọ́ wá láti ilé, mo sì ń bù ú fún wọn. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣì ń tà.

Wọ́n ní ayé ti yí, kí arúgbó gba kámú. Ayé yí lóòótọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò ṣàdédé yí. Èèyàn ló yí i. Èmi náà, èèyàn ni mí.