Alhaja Mujeebat àti Àkàbà Ẹja

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí Alhaja Mujeebat ṣe fẹ́ràn ìmọ́tótó tó, ẹ gbé ife tíì sílẹ̀ nílé rẹ̀ ní Thamesmead North, kí ẹ yíjú sẹ́yìn. Kí ẹ tó yíjú padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó ti dà á dé. Tíì yín ńkọ́? Ó ti bá omi lọ. Èmi Juliana, tí a jọ ń fọ ilé ìwé kan ní Plumstead láràárọ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń du ife tíì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ apẹja ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà, apẹ̀rẹ̀ tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde mọ́. Ó wá sí London, kò rí omi mọ́ àfi èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, nígbà tó rí ìwé kan lára ògiri láìbúrẹ́rì lọ́dún 2013 pé wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ka ẹja lọ́fẹ̀ẹ́, ńṣe ló sáré.

Mo ní, "Alhaja, ẹ̀yin tí ẹ ń complain nípa orúnkún, ẹ fẹ́ lọ ka ẹja for free?"

Ó ní, "Juliana, leave me. Òórùn omi yẹn, òórùn ilé bàbá mi ni."

Íìlì ni wọ́n ń pe ẹja náà, ó gùn, ó rí bí ejò. Inú òkun tó jìn ni wọ́n ti ń bí i. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn ò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, á wọ Thames wá, wọ́n á sì máa wá ọ̀nà gòkè sínú àwọn adágún Thamesmead. Ṣùgbọ́n ògiri àti ìlẹ̀kùn irin tó ń dá omi dúró ti dí wọn lọ́nà. Ẹgbẹ́ tó ń ka ẹja náà wá fi pákó gígùn kan ti ògiri, omi ń ro sí i lára díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹja lè fi í ṣe àkàbà. Èyí tó bá gòkè á bọ́ sínú àpótí kan. Ní Sátidé, wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á sì dà wọ́n sínú adágún.

Ọdún tó ṣáájú kí Alhaja tó dé, igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n kà. Ọdún tó dé, mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2014, láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà, òdo.

Ọ̀gá wọn, Graham, bàbá òyìnbó kan tó ti fìgbà kan máa ń pín lẹ́tà kiri, a máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan: ọjọ́, iye ẹja, ìdí. Níbi ìdí, àmì ìbéèrè ló ń fi sí i. Àlàyé kúkú pọ̀. Ẹnì kan ní omi ṣáláńgá tó ń ya wọ odò nígbà òjò ni. Òmíràn ní àwọn ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn ni. Òmíràn ní àwọn aláwọ̀n ti ń kó wọn ní kékeré lójú òkun. Gafar, ọkọ Alhaja, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní bóyá wọ́n ti gbọ́ iye tí wọ́n ń gba rẹ́ǹtì ní Thamesmead ni wọ́n ṣe yí padà.

Lọ́jọ́ kan, Graham sọ pé tó bá di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà tí wọn ò rí ẹyọ kan, àwọn máa tú àkàbà náà, àwọn á gbé e lọ sí odò míì tó jìn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alhaja lákínyẹmí ara. Níbi iṣẹ́, ó fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

"Juliana, tí wọ́n bá gbé e lọ, kí ló tún kù fún mi ní London yìí ju floor lọ?"

Ìdí nìyí tí mo fi tẹ̀ lé e ní Sátidé tó ṣáájú ìkẹyìn, èmi tí ẹ̀rù odò ń bà. Aago méje òwúrọ̀ la débẹ̀, torí ọwọ́ Alhaja ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà, Graham kì í dé títí di mẹ́wàá. Alhaja ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣí báàgì, ó mú búrọ́ọ̀ṣì jáde, ó mú ọṣẹ olómi tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha pákó yẹn bí ẹni tí inspector ń bọ̀ wá bá.

"Alhaja, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ṣé o ò rí green-green tó wà lára ẹ̀ ni? Every Saturday ni mò ń fọ̀ ọ́. Àlejò wo ló máa gba ibi tó dọ̀tí wọlé?"

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹja o. Mo kàn fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ ni. Mo ní, "Ìgèrè Bàbá yín ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, ọṣẹ wo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?"

Alhaja dáwọ́ dúró. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wò mí. Ó jókòó sórí òkúta láìtẹ́ nǹkan kan, obìnrin tó jẹ́ pé tíṣù ló ń tẹ́ sórí àga bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀.

"Yé! Juliana, mo gbé! Bàbá mi nà mí nítorí ẹ̀! Ọmọ ọdún méje ni mí, mo fi ọṣẹ fọ ìgèrè wọn, mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n ní ẹja ò ní wọ ilé tí kò bá rùn bí odò. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹja ò wọ̀ ọ́."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun. Kò sẹ́ni tó rí i bí kò ṣe èmi, ó lè gbé búrọ́ọ̀ṣì pamọ́ kó dákẹ́.

"Tí mo bá sọ, Graham á ní kí n má wá mọ́. Tí mi ò bá sọ, wọ́n á gbé e lọ."

Nígbà tí Graham dé, Alhaja dìde, ó na búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ sí i.

"Graham, it's me. I am washing it. With soap. Since last year."

Graham tẹ̀ba, ó gbóòórùn pákó. Ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì ti ń kó àdúrà jọ. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó rọ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn irin kó má bàa ṣubú. Ó ní òun rò pé òjò ló ń fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní green-green tó ń yọ̀ lára pákó yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ẹja ń dì mú gòkè. Ó fún àkàbà náà ní oṣù kan sí i. Búrọ́ọ̀ṣì ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gba kọ́kọ́rọ́.

Oṣù yẹn bọ́ sínú ààwẹ̀ Ramadan, ṣùgbọ́n Alhaja ní ebi ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èèyàn máa wo ìdọ̀tí láìfọwọ́ kàn án. Mo ń tẹ̀ lé e ní gbogbo Sátidé láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Pákó náà dúdú, ó tún tutù yọ̀yọ̀. Sátidé mẹ́rin kọjá, òdo. Ní ìkarùn-ún, Alhaja ṣí àpótí, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run.

Mọ́kànlá! Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé Alhaja ló lé gbogbo ẹja Thames o. Graham ní wọ́n ń dín kù níbi gbogbo, a ò sì tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkàbà wa, a mọ̀ ọ́n.

Graham gbé ìwé fún un pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́kànlá. Ó kọ ọ́, kò sì dá ìwé náà padà. Ó ṣí i sẹ́yìn, sí ibi tí àmì ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, ó fa igi lé e, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Mujeebat, ọṣẹ. Ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Graham ní kó fi sílẹ̀, pé kò pọn dandan.

"No," Alhaja ní. "My father will want me to write all."

A jókòó dè é títí ó fi kọ ọ́ tán.